Ìrìn-àjò Mi sí Kurra

Ìkómọ ni ó gbé mi dé Barkin Ladi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí ọkùnrin làǹtì-lanti. Ó ní kí n kí gbogbo ẹgbẹ́ fún òun. Nígbà tí a ṣe tán, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má tíì padà sí Jos, pé òun yóò mú mi lọ wo ibi tí wọ́n ti sé odò ní Kurra.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé orí òkè ni a ń gbé, pé ilẹ̀ Jos fi ohun tí ó ju 4,000 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ. Ohun tí n kò rò rí ni pé òkè náà ní etí. A ń lọ lórí pápá, koríko àti òkúta ni, àfi bí ilẹ̀ ṣe já lójijì. Omi ń wó lọ sísàlẹ̀, igi sì ṣú nínú àfonífojì náà bí ẹni pé ọ̀nà Oǹdó ni mo wà.

Òjò òkè kì í pẹ́ dá; láti Oṣù Kọkànlá títí di Oṣù Kẹta, ilẹ̀ a gbẹ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe sé odò lókè kí omi òjò lè dúró. Wọ́n ń tú u díẹ̀díẹ̀ sínú páìpù ńláńlá, bí ó ti ń já wálẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń yí ẹ̀rọ iná. Ní 1929 ni NESCO bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ogójì ọdún kí wọ́n tó ṣí Kainji. Àwọn tí ń wa tánganran ni wọ́n kọ́kọ́ gbé iná náà fún. Kuza ni àwọn Hausa ń pe tánganran, mo sì rò pé ibẹ̀ ni a ti rí kùsà tiwa. Nítorí rẹ̀ náà ni ojú irin kékeré ṣe ti Zaria dé Bukuru ní 1914, tí èyí ńlá sì ti Kafanchan dé Jos ní 1927, tí ọ̀pọ̀ bàbá wa sì bá a wá.

Bí àwọn ọmọ ti fẹ́ sún mọ́ omi, mégádì lé wọn. Àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bùọ̀dá, ti ẹ̀yìn ilé wa kò ní mégádì."

Bàbá rẹ̀ dákẹ́.

Nígbà tí a padà, ọmọ náà mú wa lọ. Omi náà mọ́ roro, ó dára lójú. Ẹnikẹ́ni kò sé odò níbẹ̀. Kòtò kùsà ni, wọ́n wa tánganran tán, wọ́n lọ, òjò sì kún un. Irú rẹ̀ pọ̀ lọ́nà Bukuru àti Barkin Ladi. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn àgbẹ̀ ń fi ẹ̀rọ fa omi rẹ̀ sí tòmátì àti kábéèjì, nítorí náà n kò lè sọ pé kí wọ́n dí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ rọ̀, kò sì sí ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ìṣísẹ̀ méjì, omi ti bo orí àgbàlagbà. Ní àdúgbò tiwa ní Jos, bàtà ọmọ kan ni a kọ́kọ́ rí létí irú omi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti gbé ilé náà fún ọdún mẹ́sàn-án. Kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń lúwẹ̀ẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, òun àti aládùúgbò rẹ̀ kan, ará Birom, ti ń gé ẹ̀gún láti fi ṣe ọgbà. Mo bá wọn gbé e títí ọkọ̀ Jos fi dé.