Pákó Tútù Kò Ṣe É Fi Ṣe Gìtá

Ọmọ káfíńtà kan ní Bódìjà yá owó àjọ ìyá rẹ̀, ó fi ra pákó ọ̀gànwó, ó ní òun fẹ́ kan gìtá oníná. Ata ni ìyá ń tà. Pákó ọ̀hún tutù, ọmọ kò yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ọrùn gìtá wọ́, okùn ń kùn bí eṣinṣin inú páànù. Owó ata lọ!

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yìí ń wù, ẹ jẹ́ kí pákó gbẹ dénú, nínú ibòji, fún oṣù mélòó kan. Irin wẹ́wẹ́ orí ọrùn náà, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀ o. Bí okùn bá gùn ní ínǹṣì 25 àbọ̀ láti òkè dé ibi tó gùn lé nísàlẹ̀, ẹ pín in sí 17.8. Ínǹṣì 1.43 ni irin àkọ́kọ́ yóò fi jìnnà sókè. Ẹ tún pín èyí tó kù bákan náà, títí lọ. Irin kejìlá gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín okùn gẹ́ẹ́. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, ẹ ti ṣì í nìyẹn.

Ti iná kò le tó bẹ́ẹ̀. Wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun ni wọ́n ń wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà yí mágínẹ́ẹ̀tì ká. Ẹni tó ń wé wáyà fáànù lè bá yín ṣe é. Àyìndé Bákàrè gan-an, máíkì kékeré ló fi mọ́ gìtá rẹ̀ lọ́dún 1949, kí ìlù má baà bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọmọ náà ti ní pákó mìíràn lókè àjà. Ìyá rẹ̀ ló tún san owó rẹ̀. Òun náà ló ń ka oṣù.