Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe É

Bí sáà ẹ̀kọ́ bá ti ń lọ sópin, ẹ ó rí àwọn òbí lọ́jà tí wọ́n ń ná ìgbálẹ̀, apẹ̀rẹ̀ àti òdòdó oníke, nítorí olùkọ́ ní kí ọmọ mú iṣẹ́ ọwọ́ wá. Ọmọ á gbé ohun tí kò mọ bí wọ́n ṣe ṣe é lọ síléèwé, olùkọ́ á fún un ní máàkì, ó parí. Òbí mìíràn kì í rà á; òun fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó dòru tí yóò máa gé páálí, nígbà tí ọmọ ti sùn lọ fọnfọn. Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ ńbẹ̀. Máàkì yẹn kì í ṣe ti ọmọ.

Ohun èlò kò wọ́n wa nílé. Agolo sàdíìnì, páálí bísíkíìtì, ike omi, ìdérí ìgò, sílípáàsì tó ti já, ègé aṣọ láti ọ̀dọ̀ télọ̀. Bí gọ́ọ̀mù bá tán, sítáàṣì tí a fi omi gbígbóná pò á lẹ páálí mọ́ra dáadáa.

Ẹ wo ọkọ̀ agolo tí gbogbo wa mọ̀. Agolo sàdíìnì ni ara ọkọ̀, sílípáàsì tí a gé róbótó ni táyà, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba inú agolo kọjá ló so táyà méjì pọ̀. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin ṣe tirẹ̀, ọkọ̀ kọ̀, kò yí. Ńṣe ló ń wọ́ nílẹ̀. Mo rí ohun tó fà á, mo sì panu mọ́. Ó dojú ọkọ̀ délẹ̀, ó fi ìka ta táyà, ó wò ó títí. Igi yẹn há sínú ihò agolo, kò ráyè yí. Ó fẹ ihò náà díẹ̀. Táyà wá yí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, nítorí ihò táyà kan kò bọ́ sí àárín gan-an. Ó gé òmíràn. Ká ní mo ti já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, èmi nìkan ni nǹkan wọ̀nyẹn ì bá yé.

Àwọn kan á ní eré pàǹtí lásán ni. Romuald Hazoumè, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní 1962, kẹ́ẹ̀gì tí àwọn onífàyàwọ́ fi ń gbé epo bẹntiróòlù láti Nàìjíríà ló fi ń ṣe ìbòjú: ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì di imú, ẹnu kẹ́ẹ̀gì di ẹnu ènìyàn. Ó to kẹ́ẹ̀gì 304 bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ́nù rà á, wọ́n sì ṣàfihàn rẹ̀ ní 2007. Kẹ́ẹ̀gì tí ẹlòmíràn ń dáná sun ni o! Mi ò sọ pé gbogbo ọmọ wa ló máa débẹ̀. Ojú tó fi wo kẹ́ẹ̀gì ni mo fẹ́ kí wọ́n ní.

Iṣẹ́ tiwa náà wà níbẹ̀. Etí agolo mú bí abẹ, àgbà ni kó fi òòlù tẹ̀ ẹ́ wọnú kó tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ìṣó gbígbóná tí a fi ń lu sílípáàsì, àgbà ni kó mú un. Ike tí wọ́n bá ti rọ oògùn ẹ̀fọn tàbí oògùn kòkòrò sí, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó, kò yẹ eré ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni bátìrì tó ti kú. Bí ọmọ kékeré tó ń kó gbogbo nǹkan sẹ́nu bá wà nílé, ẹ gbé ìdérí ìgò jìnnà sí i, kó má baà há a lọ́fun.

Ilé á dọ̀tí, òótọ́ ni. Ọmọ tó tú u kálẹ̀ lè gbá a.

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síta: kí àwọn ọmọ máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nínú kíláàsì, lójú olùkọ́, kí ó sì bi kálukú bó ṣe ṣe tirẹ̀ kó tó fún un ní máàkì. Kí wọ́n gbé èyí tó wọ́, tí gọ́ọ̀mù ṣàn sára rẹ̀, sórí tábìlì iwájú níjọ́ tí wọ́n bá ń pàtẹ iṣẹ́ ọmọ, kí èyí tó tọjà wá padà sọ́jà.