Àpótí Ọ̀dà Tí Mo Fi Àlòkù Ṣe

Aránṣọ ni mí ní Àjàṣẹ́. Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, mo máa ń fi agolo wàrà àti agolo sàdíìnì ṣe ọkọ̀ kékeré fún àwọn ọmọdé. N kì í tà wọ́n. Iṣẹ́ náà kàn dùn mọ́ mi ni. Bí mo bá ṣe wọ́n tán, mo máa ń fín ọ̀dà sí wọn lára kí wọ́n lè dán.

Tẹ́lẹ̀, inú yàrá ni mo ti ń fín ọ̀dà, nítorí pé eruku ìta máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀dà ń bà sí ara ògiri. Orí ń fọ́ mi. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, ń wúkọ́ ní òru. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé: "Bàbá ọmọ, ẹ mú ọ̀kan nínú méjì: ọkọ̀ agolo yín tàbí èémí ọmọ yìí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tí ń tún ọkọ̀ ṣe. Mo fẹ́ kí ó fún mi ní abẹ̀bẹ̀ oníná tí a yọ lára ọkọ̀ àlòkù, kí ó máa fa òórùn ọ̀dà jáde. Ó ní: "Rárá o! Iná kékeré máa ń ta nínú rẹ̀ bí ó bá ń yí. Òórùn ọ̀dà sì ń gbiná bí ẹ̀sáńsì."

Nígbà náà ni mo rántí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ mi àtijọ́, tí orí rẹ̀ ti bàjẹ́. Ohun tí mo ṣe nìyí:

1. Mo fi pátákó àlòkù kan àpótí kan sórí tábìlì ẹ̀rọ náà. Iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

2. Mo lu ihò ńlá sí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà. Mo fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì tí ó ti ya bo ihò náà. Fóòmù yìí ni ó ń gba eruku ọ̀dà dúró.

3. Mo yọ mọ́tò kúrò lára abẹ̀bẹ̀ tí ó ti bàjẹ́. Mo gbé apá abẹ̀bẹ̀ náà sínú garawa tí kò ní ìdí, lẹ́yìn fóòmù. Mo fi okùn awọ so ó pọ̀ mọ́ àgbá ńlá tí ẹsẹ̀ ń yí.

4. Mo fi páànù ká páìpù, mo sì gbà á ojú fèrèsé jáde.

Ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀, abẹ̀bẹ̀ ń yí, ọwọ́ mi ń fín ọ̀dà. Ìṣó nìkan ni mo fi owó rà.

Inú mi dùn púpọ̀. Àṣé mo ti ṣe àṣìṣe. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ké láti àgbàlá pé: "Ọkọ mi, ọbẹ̀ mi ń rùn bí ọ̀dà! Ṣé ọ̀dà ni ẹ fẹ́ kí a jẹ ni?" Mo sáré jáde. Mo rí i pé ẹnu páìpù mi kọjú sí ìdí ààrò rẹ̀. Iná ń jó geere níbẹ̀. Ara mi gbọ̀n. Ewu tí mo lé kúrò ní yàrá mi ni mo rán sí ìdí ààrò ẹlòmíràn. Mo bẹ̀ ẹ́ gidigidi.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí abẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé. Ẹnu páìpù kọjú sí pápá tí kò sí ènìyàn, tí kò sì sí iná.

Ẹ má gbàgbé o: fóòmù ń gba eruku ọ̀dà, ṣùgbọ́n kò lè gba òórùn rẹ̀ dúró. Aṣọ tí a fi bo imú kò lè gbà á dúró pẹ̀lú. Nítorí náà, ojúmọmọ ni mo ń ṣe é. N kì í tan àtùpà sí i. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu sìgá níbẹ̀. Àwọn ọmọdé ń dúró lọ́nà jíjìn. Bí ọ̀dà bá ti kún inú fóòmù, mo ń pààrọ̀ rẹ̀, n kì í sì fi èyí tí ó ti gbó pa mọ́ sínú ilé.

Ọmọ mi kò wúkọ́ ní òru mọ́. Ó ń fa ọkọ̀ pupa rẹ̀ kiri àgbàlá. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ ṣe irú àpótí yìí, ẹ kọ́kọ́ lọ dúró sí ibi tí ẹnu páìpù yóò wà, kí ẹ wo ẹni tí ó wà níwájú yín.