Gáùn Ìyàwó fún Ọmọ Tó Lárá: Ohun Tí Ojú Wa Rí ní Kano

Àsìkò ìgbéyàwó tún ti ń wọlé bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká bá ara wa sọ nípa àwọn ọmọbìnrin wa tí Ọlọ́run fún ní ara, àwọn tí wọ́n ń pè ní ọ̀rọ̀bọ̀ ládùúgbò.

Àwa tí à ń ta aṣọ láti bí ọgbọ̀n ọdún mọ̀ pé kò sí ara tí aṣọ kò lè bò. Nígbà tí ọmọ wa fẹ́ lọ sílé ọkọ, ti ìdána kò yọ wá lẹ́nu rárá. Aṣọ òkè ni. Ìró ni, èèyàn á ró o mọ́ra. Bùbá ń gba èèyàn. Gèlè kì í béèrè bí èèyàn ṣe tóbi tó. Gáùn funfun ló kó wàhálà dé. Gáùn yìí kì í ṣe tiwa látilẹ̀. Ìgbà tí Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ funfun ṣègbéyàwó ní 1840 ni àṣà náà wá gbilẹ̀. Lónìí, ilẹ̀ China ni wọ́n ti ń rán púpọ̀ nínú èyí tó ń dé ọjà wa, nọ́ńbà ni wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹni tí nọ́ńbà náà kò bá bá mu, wọ́n á ní ara rẹ̀ ló lẹ́bi.

Ìyá ọmọ àti ọmọ fúnra rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Ní àkọ́kọ́, 16 ni gáùn tó tóbi jù. Ní ìkejì, wọ́n ní kí wọ́n sanwó kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ wò. Ti ìkẹta ló dùn wá jù. Ọmọ kékeré tó ń tajà wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ lọ dín ara yín kù ná, kẹ́ ẹ tó padà wá." Ojú àbúrò ọkọ ló ṣe sọ ọ́ o.

Ọmọ délé, kò jẹun. Lọ́jọ́ kejì, tíì tó ń fọ inú ló bẹ̀rẹ̀ sí í mu. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí òòyì fi kọ́ ọ níbi iṣẹ́, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e wálé. Àwa òbí bá jókòó tì í. A ní, "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Eku kì í gé ara rẹ̀ nítorí ìtẹ́." Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ náà wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní ẹni tí òun rí lòun fẹ́, òun ò fẹ́ ẹlòmíì. Alẹ́ yẹn ló tó jẹ àmàlà.

A bá gba ibi tí wọ́n ti ń tú béèlì gwanjo lọ, ohun tí ẹ̀yin ará ilé ń pè ní òkìríkà tàbí bọ́síkọ́nà. Tépù la mú dání, a ò wo nọ́ńbà. Ẹ gbọ́ o: 20 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bíi 16 ti Amẹ́ríkà ni. Gáùn ìyàwó tiẹ̀ tún máa ń kéré ju aṣọ òde tó ní nọ́ńbà kan náà. Àyà ọmọ wa jẹ́ íńṣì 50, ikùn 46. Gáùn tá a rí, sátínnì tó ní léèsì, àyà rẹ̀ jẹ́ 46, ikùn 42. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, ìyẹn ni pé ìbàdí ò ní wàhálà. Íńṣì 4 ló kù, a sì fi 2 kún un kí ọmọ lè rí èémí mí. Ó di 6.

Télọ̀ wa, ìyá kan tó jẹ́ ará Ọ̀fà, yí inú gáùn náà síta kó lè wo aṣọ tó ṣẹ́ kù lójú rírán. Kò tó nǹkan. Ó yọ sípù ẹ̀yìn kúrò, ó ṣe ojú okùn sápá ọ̀tún àti òsì, ó fi okùn há a bí okùn bàtà, ó sì fi aṣọ sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ̀yìn má baà hàn. Íńṣì 4 nìyẹn. Ó tún fi íńṣì kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ apá méjèèjì, láti abíyá dé ìbàdí. Níbo ló ti rí aṣọ tó bá a mu? Ọmọ wa ò ga, ẹsẹ̀ gáùn gùn jù ú lọ. Ohun tó gé kúrò nísàlẹ̀ ló fi ṣe é.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í gba èjìká síta, a sì nílò léèsì fún apá. Funfun kì í ṣe oríṣi kan: òmíì dà bí omi ògì, òmíì dà bí ẹfun. Ẹ mú ègé gáùn náà dání, kẹ́ ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò nínú oòrùn, kì í ṣe lábẹ́ iná. Ní Kantin Kwari, Alhaji kan tá a jọ ń ṣòwò tú aṣọ títí a fi rí èyí tó bá a mu. Yáàdì 2 ló gé, ó ní òun ò ní gbowó. "Ai 'yarmu ce," ló wí, pé ọmọ tàwọn náà ni.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń múra, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Kọ́mú àti bàtà tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà ni kó wọ̀ lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Kó kúnlẹ̀, kó jókòó, kó gbọ́wọ́ sókè, kó jó, nítorí ìyàwó Yorùbá á kúnlẹ̀ dandan. Kó wọ ṣòkòtò kékeré sábẹ́, kí itan má baà bó nínú ooru wa yìí. Kó tún wọ̀ ọ́ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ náà.

Ọmọ wa wọ̀ ọ́, ó kúnlẹ̀ fún wa, ó jó títí ilẹ̀ fi ṣú, okùn kan ò já. Owó gáùn àti owó télọ̀ kò tó ìdajì ohun tí wọ́n ní ká fi yá gáùn ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni febi pa ara rẹ̀ nítorí aṣọ ọjọ́ kan. Aṣọ là ń tú, aṣọ là ń gé. Ọlọ́run á jẹ́ ká jẹun ọmọ, a ò ní fi ẹkún sin wọ́n lọ sílé ọkọ. Àṣẹ.