Ẹni Tó Gẹṣin, Ilẹ̀ Ló Ń Bọ̀

Ọ̀pọ̀ wa ló ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àgbà, tí a sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹṣin nìkan ni. N ó fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ gbè é lẹ́sẹ̀.

Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré ní agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, ní píkọ́ọ̀pù kan tó fi ń kó gbàgúdá àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ọ̀nà Àkànrán wá sí Ọjà'ba. Bí òjò bá ti rọ̀, ipa táyà ọkọ̀ ńlá a máa jìn lọ́nà oko, àárín ọ̀nà a sì máa ha ikùn ọkọ̀ rẹ̀. Ó pinnu láti gbé ọkọ̀ náà ga fúnra rẹ̀ nínú ilé.

Wọ́n fi òkúta dènà táyà iwájú, wọ́n fi jáàkì gbé ẹ̀yìn sókè, wọ́n sì to ìtì igi sábẹ́ ṣáásì, nítorí a kì í fi ẹ̀mí ẹni lé jáàkì nìkan lọ́wọ́. Wọ́n wá tú nọ́ọ̀tì, wọ́n fi ewé sípíríìnì kan kún ti apá kọ̀ọ̀kan. Irin pẹlẹbẹ tó tẹ̀ bí ọrun ni ewé yìí. Bí ó bá ti ń pọ̀ sí i ni ọkọ̀ ń ga, tó sì ń le.

Ọkọ̀ gíga kì í ṣe tuntun n'Íbàdàn. Orí Bedford, tí ilé-iṣẹ́ Vauxhall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1931, ni àwọn káfíńtà wa kan pákó ọ̀pọ̀ bọ̀lẹ̀kájà lé. Bàbá àgbà kan nínú agboolé wa wa irú rẹ̀ rí. Òun ló dá sí i nígbà tí Bàbá Kékeré fẹ́ tún ki pákó sáàárín sípíríìnì àti irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, kí ọkọ̀ lè tún ga sí i.

“Ọmọ mi, ṣé oko nìkan lo ń lọ ni? Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó ńkọ́?”

“Bàbá, ẹ má bínú. Bí ọkọ̀ bá há sóko, kí ni àwọn ọmọ yóò jẹ?”

“Ẹni tó há sóko lónìí yóò jáde lọ́la. Ẹni tó dojú dé láàárín àwọn ìyálọ́jà l'Ọ́jà'ba ńkọ́?”

Gbogbo wa dákẹ́. Bí ọkọ̀ bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹrù náà á ga, ọkọ̀ á sì tètè fì níbi kọ́nà. Rọ́bà bíréèkì lè nà jù, kó já. Pákó lè là. Iná iwájú á máa dorí kọ ilẹ̀ jù. Gbogbo ẹni tó mọ bí ọ̀nà ṣe rí láti Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wá sí ìsàlẹ̀, mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí a ń fi ọkọ̀ ṣeré.

Bàbá Kékeré ju pákó náà nù. Ó dín ẹrù kù, ó sì tún nọ́ọ̀tì fún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Owó rẹ̀ dín, ó sì dùn ún.

Èmi kò lè dá a lẹ́bi. Bí ọ̀nà oko bá dára, ta ni yóò máa wá gíga kiri? Ẹni tí ọ̀nà wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni kó gbé ọ̀nà ga. Títí dìgbà náà, kí awakọ̀ rántí pé ọmọ ẹlòmíràn ń tajà nísàlẹ̀ òkè.