Ǹjẹ́ Ohun Ọ̀gbìn Nìkan Tó fún Ènìyàn?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ẹran kò dé inú ọbẹ̀ wa, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ ní yàrá ìjẹun. Ará Ìkàrẹ́ kan ní èso ilẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá dá ènìyàn láti máa jẹ, ó sì fi Dáníẹ́lì ṣe ẹ̀rí, ẹni tí ẹ̀wà àti omi mú kí ara rẹ̀ dára ní ọjọ́ mẹ́wàá péré. Ará Ọ̀kà kan dáhùn pé òun kò tí ì rí ọdẹ tí ó gun òkè Ọ̀kà lọ wá ẹ̀fọ́. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí ìrònú, nítorí àwa ni yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìlera.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ara wa wò. Ewúrẹ́ kò ní eyín iwájú ní òkè ẹnu, ikùn rẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́rin, ó sì ń jẹ àpọ̀jẹ. Nítorí náà ni koríko ṣe tó o. Ẹkùn ní eyín gígùn tí ó fi ń fa ẹran ya. Àwa kò jọ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Bí a bá rún iṣu sísè lẹ́nu pẹ́, ó ń dùn sí i, nítorí itọ́ wa ti ń sọ ọ́ di ṣúgà; síbẹ̀ ikùn wa kò lè lo koríko. Ohun tí ó yà wá sọ́tọ̀ ni iná àti odó. Gbàgùdá ní májèlé, àfi bí a bá rin ín, tí a jẹ́ kí ó kan, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a sì yan án. Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wa egungun ènìyàn jáde nínú ihò àpáta kan ní ẹ̀bá Ìsàrún, ní ìhà Àkúrẹ́. Egungun náà ti lé ní 11,000 ọdún. Ihò Eléérú ni à ń pe ibẹ̀, orúkọ náà sì yẹ ìran ènìyàn: ibi tí a bá gbé, eérú ni à ń fi sílẹ̀.

Àwọn baba wa ní, "Iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú." Kò sí ẹran nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àgbàlagbà tí ó ń fi ẹ̀fọ́, ẹ̀gúsí àti irú jẹ iyán, tí ó sì ń jẹ ẹ̀wà, kò ṣe aláìní púpọ̀. Ṣùgbọ́n fítámì B12, tí àwọn onímọ̀ rí yọ ní 1948, kò sí nínú iṣu tàbí ẹ̀fọ́. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni ó wà. Díẹ̀ ni ara ń fẹ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣe aláìní díẹ̀ náà.

Ti ọmọdé ni ó léwu jù. Ní ọ̀pọ̀ ilé a ti gbọ́ pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹran àti ẹyin yóò di olè. Baba a jẹ ẹran, ọmọ a fi omi ọbẹ̀ jẹun. Ní 1933, Dókítà Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ kéékèèké tí ẹsẹ̀ wọn ń wú, tí awọ ara wọn sì ń bó. Oúnjẹ àgbàdo ni a ń fi bọ́ wọn. Ní 1935 ó lo orúkọ tí àwọn Gã fún àrùn náà, kwashiorkor, èyí tí í ṣe àìsàn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò tí ó dé. Inú ọmọ náà lè kún, kí ó sì máa kú lọ.

Ìyá ìyá mi kò mọ ìwé. Síbẹ̀ a máa lọ ẹja gbígbẹ sínú ògì àbúrò mi, kì í sì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, bí olùkọ́ bá dúró níwájú kíláàsì tí ó sọ pé a kò dá ènìyàn fún ẹran, ó ti fi ọ̀rọ̀ ìwé ti àṣà tí ń gba ẹja lọ́wọ́ ọmọ lẹ́yìn. Ẹni tí ó ti dàgbà lè yan ohun tí yóò jẹ. Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú kò lè yàn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn òbí láti fi ẹ̀wà, ẹ̀pà, edé tàbí ẹyin kún ògì rẹ̀, kí a sì sọ fún wọn láìbẹ̀rù pé ẹyin kò sọ ọmọ kankan di olè rí.