Káàdì Ìgbéyàwó ní PK12: Kí Lẹ́tà Rẹwà, Kí Orúkọ Pé

Ní Libreville, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gabon, kìlómítà ni wọ́n fi ń pe àwọn àdúgbò kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tó jáde nílùú. PK5 wà, PK8 wà, PK12 náà sì wà. "Point kilométrique" ni PK dúró fún lédè Faransé. Ẹni tó bá dé PK12 ti rin kìlómítà 12 lójú ọ̀nà náà, ọ̀nà Ntoum àti Kango ló sì kọjú sí.

Òwò àti iṣẹ́ ti gbé ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Benin dé Libreville, àwọn Yorùbá sì wà lára wọn. Ibi tí Yorùbá bá wà, ìnáwó ò lè ṣàì wà níbẹ̀. Ká ní ìyá kan ní PK12 fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ fọ́kọ. Adéṣọlá ni ìyàwó, Ayọ̀délé ni ọkọ. Ìyá lọ tẹ ìwé ìpè, ó sì nawọ́ sí lẹ́tà kan tó wù ú: èyí tó dà bíi pé gègé ni wọ́n fi kọ ọ́, tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀, tí ìrù rẹ̀ gùn, tó sì ń ká kọ́lọkọ̀lọ.

"Anglaise" ni àwọn Faransé ń pe irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni "ti Gẹ̀ẹ́sì". Ọwọ́ àwọn ọ̀gá akọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Láti ọdún 1733, George Bickham bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣẹ́ wọn jọ sínú ìwé The Universal Penman. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, Matthew Carter wo ìkọ̀wé Charles Snell, ọ̀kan lára wọn, ó sì ṣe lẹ́tà ìtẹ̀wé tí wọ́n ń pè ní Snell Roundhand. Iṣẹ́ tí irú lẹ́tà yìí ń ṣe ò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹni tó gba káàdì tó ka ohunkóhun, kó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ iyì ni wọ́n torí ẹ̀ ránṣẹ́ sóun.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá tẹ orúkọ, wàhálà lè bẹ̀rẹ̀. "é" inú Adéṣọlá á jáde dáadáa, torí àwọn Faransé náà ń lò ó. "Ọ" lè jáde bí ẹni tó ṣe lẹ́tà náà bá ro ti èdè Vietnam mọ́ ọn, torí wọ́n ń fi àmì sábẹ́ "o" níbẹ̀. "Ṣ" ò sí nínú èdè Vietnam. Kọ̀ǹpútà á wá yá a láti ibòmíràn, á sì nàró gbọnrangandan láàárín àwọn tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, bí ẹni tó wọ bàtà oko sí aṣọ òkè. Ní ti "ọ̀" inú Ayọ̀délé, kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Ṣe ni wọ́n ń gbé àmì lé "ọ" lórí. Bí ẹni tó ṣe lẹ́tà náà ò bá fi ibi tí àmì máa jókòó sí hàn án, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká yọ àmì náà kúrò," ni ọmọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lè sọ. "Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Àmọ́ àmì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọ̀wọ̀ ni ọlá, ọrọ̀ ni ọlà, ọjọ́ tó tẹ̀lé òní ni ọ̀la. Tí wọ́n bá kọ "Adesola" lásán, wọ́n ti ní kí òǹkàwé máa méfò nìyẹn.

Àwọn tó fi àmì sí Yorùbá ò sì fi ṣeré. Libreville túmọ̀ sí ìlú òmìnira. Àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ akẹ́rú L'Élizia ni wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀ lọ́dún 1849. Ohun kan náà ni orúkọ Freetown túmọ̀ sí, níbi tí Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí lọ́dún 1822 lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Lọ́dún 1843, ó tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Lọ́dún 1875, wọ́n ṣèpàdé ní Èkó lórí bí wọ́n á ṣe máa kọ èdè náà. Ẹni tí wọ́n já gbà kúrò nílé rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ kí èdè ilé má bàa sọnù.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Kí ìyá tó sanwó, kó ní kí wọ́n tẹ "ẹ́, ọ̀, ṣ, ǹ" nínú lẹ́tà tó wù ú. Bí wọn ò bá jáde, kí wọ́n fi lẹ́tà oníjó náà tẹ ọ̀rọ̀ Faransé, kí wọ́n sì fi lẹ́tà tó mọ Yorùbá, irú bíi Gentium, tẹ orúkọ. Ọ̀fẹ́ ni Gentium, ó sì ní èyí tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹni tó bá mọṣẹ́ tún lè fọwọ́ ya àmì náà síbi tó yẹ, kó wá fi PDF ránṣẹ́, kó má bàa dàrú lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ kan ni ìnáwó, àmọ́ káàdì á wà nínú àpótí. Ọmọ tí wọ́n bá bí sí PK12 lè máà gbọ́ Yorùbá tó ìyá rẹ̀ àgbà. Lọ́jọ́ tó bá mú káàdì náà jáde, ó yẹ kó bá orúkọ àwọn òbí rẹ̀ níbẹ̀ ní pípé.